Kóòtù ti bò ó mọ́lẹ̀: ṣé mo ṣì gbọ́dọ̀ sọ ọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà. Houston ni mò ń gbé. Ní 2016, nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n mú mi ní ṣọ́ọ̀bù kan pẹ̀lú aṣọ àti àtíkè tí n kò sanwó rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 140. Lọ́yà tí ìjọba fún mi ní kí n gbà pé mo jẹ̀bi, adájọ́ sì fi mí sí probation (àbójútó kóòtù dípò ẹ̀wọ̀n) olóṣù mẹ́sàn-án. Mo ṣe é parí láìsí wàhálà, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Nígbà tó yá, mo sanwó fún lọ́yà mìíràn, ó bá mi gba ìwé ní kóòtù, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti parẹ́. Ní báyìí mo ti fẹ́ parí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, fọ́ọ̀mù Board of Nursing, àwọn tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ iṣẹ́, sì ń béèrè ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti kóòtù lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n kọ “Rárá” kí n sì gbàgbé ẹ̀. Ọkọ mi ní ìka tí wọ́n máa ní kí n tẹ̀ yóò tú àṣírí mi. Green card ni mo ní, mo sì fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, àbúrò mi, kí o tó dá ọ̀rẹ́ tàbí ọkọ lóhùn, lọ gbé ìwé kóòtù yẹn jáde níbi tí o tọ́jú ẹ̀ sí. Wo àkọlé rẹ̀. Ṣé Expunction ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, àbí Nondisclosure? Lẹ́yìn náà, wo ìsàlẹ̀ bóyá adájọ́ fọwọ́ sí i lóòótọ́, torí mo ti rí àwọn tó ń gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tí lọ́yà wọn kọ kiri, tí wọ́n rò pé àṣẹ kóòtù ni.

Pẹ̀lú àlàyé tí o ṣe, Nondisclosure ló jọ lójú mi. Ní Texas, ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi, tí adájọ́ wá fún ní deferred adjudication bíi tìrẹ (ìyẹn ni pé kò tíì dá a lẹ́bi, ó ní kó ṣe probation parí ná), kì í sábà rí expunction gbà, àfi bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ Class C, irú èyí tí owó ìtanràn nìkan máa ń bá lọ. Olè dọ́là 140 ti kọjá ibẹ̀. Láti dọ́là 100 títí dé ibi tí kò tíì pé 750, Class B ni.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò kéré. Bí ó bá jẹ́ expunction, wọ́n á kó àkọsílẹ̀ náà run, òfin sì gbà ọ́ láyè láti sọ pé wọn ò mú ọ rí. Ti nondisclosure kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi aṣọ bò ó ni, wọn ò sọ ọ́ nù. Onílé tó fẹ́ háyà yàrá fún ọ kò ní rí i, ọ̀gá iléeṣẹ́ lásán kò ní rí i, ṣùgbọ́n òfin dárúkọ àwọn tó lè ṣí aṣọ náà wò: ọlọ́pàá, àwọn tó ń fún tíṣà níwèé àṣẹ, àwọn tó ń fún dókítà, àti Board of Nursing tìrẹ gan-an. Nítorí náà, ọkọ rẹ kò parọ́ nípa ìka yẹn.

Ọ̀rẹ́ rẹ náà kò fi gbogbo ara ṣì í. Board fúnra wọn sọ ọ́ fáwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù pé wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ èyí tí kóòtù ti pa rẹ́ tàbí tó wà lábẹ́ nondisclosure. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé àwọn lè rí ti nondisclosure, àwọn sì lè bi ọ́ léèrè, kí àwọn fi wo ìwà rẹ. Bí o bá wá kọ “Rárá”, tí ó jẹ́ pé àṣẹ náà kò tíì jáde láti kóòtù rárá, owó ìtanràn ni yóò kọ́kọ́ bá ọ.

Bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, n kò ní jókòó máa retí ìbéèrè wọn. Ka ìbéèrè náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù tìrẹ, dáhùn ohun tó béèrè gan-an, kí o wá fi ẹ̀dà àṣẹ kóòtù tì í pẹ̀lú lẹ́tà ojú ìwé kan. Kọ ọdún tó ṣẹlẹ̀, ohun tí o mú, bí o ṣe parí probation, àti ohun tí o ti fi ayé rẹ ṣe láti ìgbà náà. Má kọ pé iṣẹ́ Èṣù ni. Má sì di ẹ̀bi ru ẹni tí ẹ jọ wọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń ka lẹ́tà wọ̀nyí ń wò ó bóyá o gba ohun tí o ṣe ní tìrẹ.

Ti ìwé ọmọ Amẹ́ríkà ló ń já mi láyà jù. Ìjọba àpapọ̀ kò ka aṣọ tí Texas fi bo ọ̀rọ̀ sí. Fọ́ọ̀mù N-400, èyí tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ Amẹ́ríkà, béèrè bóyá wọ́n ti mú ọ rí, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé kí o sọ ọ́ bí wọ́n tilẹ̀ ti pa á rẹ́ tàbí bò ó. “Bẹ́ẹ̀ ni” ni ìdáhùn rẹ níbẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé Texas lè ní wọn kò dá ọ lẹ́bi, kí òfin ìwọ̀lú ní wọ́n dá ọ lẹ́bi, torí o gbà pé o jẹ̀bi, adájọ́ sì fi probation dè ọ́. Má fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù yẹn títí lọ́yà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìwọ̀lú nìkan ló ń ṣe á fi rí ẹ̀dà ìdájọ́ náà tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń retí expunction, ẹ tètè gba ẹ̀dà tiyín kí wọ́n tó run fáìlì, torí àwọn ìwọ̀lú ṣì máa béèrè ẹ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n kan bá sì pè ọ́ láti Los Angeles pẹ̀lú ìmọ̀ràn, kí i dáadáa, má tẹ̀ lé e. Òfin ibẹ̀ yàtọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin gba youth caution (ìkìlọ̀ tí ọlọ́pàá ń fún ọmọdé tó ṣẹ̀, láìgbé e lọ sí kóòtù) ní London nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, kẹ̀kẹ́ ló jí. Ó fẹ́ ṣe tíṣà báyìí, wọ́n ní àwọn máa ṣe enhanced DBS fún un, ìyẹn ìwádìí tó jinlẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá àti kóòtù. Ṣé ó ti tán fún un nìyẹn? — Bàbá Fẹ́mi

ÌDÁHÙN: Bàbá Fẹ́mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Láti 28 oṣù kọkànlá 2020, youth caution kì í dédé jáde mọ́ lórí ìwé DBS ní England àti Wales, òfin kò sì fipá mú un láti kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù. Ọlọ́pàá ṣì láṣẹ láti fi ohun tí wọ́n bá rò pé ó kan iṣẹ́ náà sínú enhanced, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá jí, n kò rò pé wọ́n máa dá a lé. Bó bá ní òun fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà fún ìsinmi, fọ́ọ̀mù físà tiwọn béèrè bóyá wọ́n ti mú un rí, kódà bí ìjọba bá ti dárí jì í. Kó kọ̀wé sí wa kó tó fọwọ́ sí i.