Orúnkún Mi Ń Ro Mí: Ṣé Kí N Gun Òkè Olúmirin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹni ọdún 61 ni mí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ mi fẹ́ mú mi lọ wo omi Olúmirin, tó ń já wálẹ̀ láti orí òkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, nínú oṣù Kejìlá. Orúnkún mi ọ̀tún a máa ro mí bí mo bá gun àtẹ̀gùn púpọ̀, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbígbẹ̀yìn mi ní àfi kí a dé ìpele keje. Ṣé kí n bá wọn lọ, àbí kí n jókòó sílé?
Ìyá Olùkọ́, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ bá wọn lọ, Ìyá wa, bí dókítà yín bá ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìpele keje ṣe òdiwọ̀n ìrìn àjò náà. Ìpele méje ni omi Olúmirin fi ń já wálẹ̀ láti orí òkè, ìpele àkọ́kọ́ sì ni ọ̀pọ̀ àlejò ń dé tí wọ́n fi ń padà sílé tayọ̀tayọ̀. Abẹ́ igi ni ọ̀nà ibẹ̀ gbà, wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn sí i, ẹ ó sì ti máa gbọ́ ìró omi kí ojú yín tó tó o. Láti ibẹ̀ lọ sókè ni ọ̀nà náà ti yí padà: erùpẹ̀, òkúta àti gbòǹgbò igi ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni èèyàn yóò fi di gbòǹgbò mú kí ẹsẹ̀ tó lè gbéra.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí ni pé sísọ̀kalẹ̀ ló ń da orúnkún láàmú ju gígun òkè lọ. Bí a bá ń gòkè, èémí wa yóò tètè sọ fún wa pé ó ti rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, gbogbo ìwúwo ara ló ń bọ́ lé orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iṣan iwájú itan ló sì ń fà á sẹ́yìn kí a má baà ṣubú. Iṣan yìí a máa rẹ̀ láìjẹ́ kí a fura, ìgbà náà gan-an sì ni ẹsẹ̀ ń yọ̀. Nítorí náà, ẹ yíjú padà nígbà tí agbára ṣì wà lára yín. Ẹ mú ọ̀pá dání, kí ẹ máa fi í tẹlẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì wọ kánfáàsì tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín, kì í ṣe sílípáàsì.

Nígbà tí ẹ bá lọ rí dókítà, ẹ sọ fún un pé òkè ni ẹ fẹ́ gùn, ẹ má sì ṣe fo oògùn yín lọ́jọ́ náà. Bí ẹ kò bá lè parí gbólóhùn kan láìmí hẹlẹhẹlẹ, ẹ jókòó. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ má lọ síwájú mọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mú yín sọ̀kalẹ̀ wá ìtọ́jú. Ìbàdàn tí ẹ wà kò ṣaláìní òkè: bí ẹ bá ń rìn gba Òkè Mápó díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Kọkànlá, ara yóò ti mọ̀ ọ́n. Oṣù Kejìlá dára, nítorí ilẹ̀ ti gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi náà kò ní pọ̀ tó ti ìgbà òjò.

Ìbéèrè: Nínú oṣù Keje, ẹni tó ń mú wa gun Olúmirin dá wa padà ní ìpele kejì nígbà tí oòrùn ń ràn lórí wa, ó ní òjò ti ṣú lókè. Ó dùn wá púpọ̀. Ṣé ó tọ̀nà?
Ọ̀dọ́ kan, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Ó tọ̀nà, ẹ sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Apá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì ni omi náà ti ń ṣàn bọ̀, òjò sì lè rọ̀ lọ́hùn-ún kí ẹ̀yin má rí ẹ̀kán kan. Àpáta kì í mu omi bí ilẹ̀ ti ń mu ún, ojú ọ̀nà omi náà sì há, ìdí nìyẹn tó fi lè kún lójijì. Bí omi tó mọ́ gaara bá ṣàdédé di pípọ́n, tó ń gbé ewé àti igi wá, tí ìró rẹ̀ sì ń wúwo sí i, ẹ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó ga, kí ẹ má sì dúró ya fọ́tò.