Ọmọ Mi Fẹ́ Yọ̀ǹda Ara Rẹ̀ fún Ìtọ́jú Béárì

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi fẹ́ lọ yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ibùdó ìtọ́jú béárì tí ó wà ní Sepilok, ní Màlésíà. Ẹ jọ̀wọ́, iṣẹ́ wo ni yóò máa ṣe, ṣé ẹranko náà kò ní pa á lára? — Ìyá kan, Ìsánlú.

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, ìyá wa. Irú béárì tí ó kéré jù lọ láyé ni ibùdó náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, ń tọ́jú. Púpọ̀ nínú wọn ni àwọn ènìyàn ti sọ di ẹran ọ̀sìn lẹ́yìn tí ọdẹ pa ìyá wọn. Ẹni tí ó bá ti rí ọmọ ọ̀bọ tí wọ́n so mọ́ ìdí igi ní Yàgbà, tí ó ń ké ṣáá, yóò mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Olùyọ̀ǹda kì í fọwọ́ kan béárì, torí pé èyí tí ènìyàn bá ti mọ́ lára kò ní lè padà sínú igbó ní àlàáfíà. Èso ni wọ́n ń gé, wọ́n ń fọ ilé ẹran, wọ́n sì ń fi oyin pamọ́ sínú ihò igi kí béárì lè fi ahọ́n gígùn rẹ̀ wá a jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn àlejò ni mo kà sí jù, nítorí pé bí kò bá sí ẹni tí yóò ra ọmọ béárì, ọdẹ kò ní torí rẹ̀ pa ìyá. Ẹ jẹ́ kí ó lọ.