"Àìsí ìdálẹ́kọ̀ọ́" kì í ṣe gbòǹgbò ìṣòro

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ àbá iṣẹ́ ìwádìí kan lórí àgbàdo tó ń bàjẹ́ nínú abà lẹ́yìn ìkórè. A ya igi ìṣòro, a béèrè "kí ló fà á?" lẹ́ẹ̀marùn-ún gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, a sì já sórí "àìsí ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn àgbẹ̀". Ṣé a ti dé gbòǹgbò nìyẹn, ká máa kọ àfojúsùn lọ? Ìpele mélòó ló sì yẹ kí igi ìṣòro ní?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì kọ àfojúsùn kankan. Iye ìpele kọ́ ló yẹ kó jẹ yín lógún báyìí, ohun tí ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ igi náà ni. Àìsí ìdálẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló ń ba àgbàdo jẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ ti ní lọ́kàn láti ṣe tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ kàn fi "àìsí" síwájú rẹ̀, ẹ wá pè é ní ìṣòro. Irú ìbéèrè yìí ń wọlé léraléra, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì ń já sí: àìsí ìdálẹ́kọ̀ọ́, àìsí owó, àìsí ẹ̀rọ, àìsí ìlanilọ́yẹ̀. Ó ń bí mi nínú, n kò ní pa á mọ́. Owó ńlá ni wọ́n ń ná lórí irú àbá bẹ́ẹ̀, tí ọdún mẹ́ta á sì pé, tí àgbàdo á ṣì máa jẹrà.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, igi ìṣòro ni àwòrán tí ìṣòro gan-an jẹ́ ìtì rẹ̀, tí ohun tó fà á jẹ́ gbòǹgbò, tí àtubọ̀tán rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka. GTZ, àjọ tó ń bá ìjọba ilẹ̀ Jámánì ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè nígbà náà, ló gbé e káàkiri ní àwọn ọdún 1980. Ohun èlò tó dára ni, àmọ́ kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí èrò lásán. Ohun tí ẹ bá kọ sórí rẹ̀ náà ló máa gbé fún yín.

Ohun tó bá fa ìṣòro gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, tí ẹnì kan lè lọ wò tàbí wọ̀n. Ẹ wo àgbàdo yín. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a, omi inú rẹ̀ lè tó ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Kó tó lè pẹ́ nínú àpò láìbu, omi náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 13. Tó bá wọ abà ní ìdá 18, yóò gbóná, yóò bu, kòkòrò tó ti bá a wọlé láti oko yóò sì máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kí ló dé tí omi fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó ń wọlé? Ó lè jẹ́ pé òjò ń rọ̀ lásìkò ìkórè. Ó lè jẹ́ pé olè kò jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ lóko kó gbẹ. Ó lè jẹ́ pé orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń sá a sí, tí ìrì ń tún un rin lóru. Ó sì lè jẹ́ pé iye kan náà ni oníṣòwò ń san lórí tútù àti gbígbẹ. Bí àgbàdo ti ń gbẹ ló ń fúyẹ́, torí náà ẹni tó bá jókòó sá a dáadáa ló ń pàdánù. Irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè mọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ, kó sì pa á tì, nítorí pé èrè kò sí níbẹ̀. Nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kò sí èyí tí ìdálẹ́kọ̀ọ́ nìkan máa yanjú. Ètè lẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ń pa làpálàpá.

Àṣìṣe yìí ti pẹ́, kì í sì í ṣe lórí iṣẹ́ kékeré nìkan. Ìyàn ńlá mú ní Bengal, ilẹ̀ Íńdíà, lọ́dún 1943. Bí ẹ bá ya igi rẹ̀ bí ẹ ṣe ya tiyín, "àìsí oúnjẹ" lẹ máa kọ sí ìsàlẹ̀. Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, yẹ àkọsílẹ̀ wò, ó sì kọ ní 1981 pé oúnjẹ tó wà lọ́dún náà kò kéré ju ti 1941 lọ, bẹ́ẹ̀ ìyàn kò mú ní 1941. Àlàyé rẹ̀ ni pé owó ìrẹsì fò sókè lásìkò ogun, tí owó iṣẹ́ àwọn alágbàṣe oko kò bá a lọ. Ìrẹsì wà lọ́jà, àwọn ni kò lágbára àtirà á. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń bá a jiyàn lórí iye oúnjẹ tó wà gan-an. Àmọ́ ẹ rí i pé ìbéèrè tó tọ́, "ta ni ebi pa, kí ló sì dé tó fi jẹ́ àwọn?", kò lè jáde láti ẹnu ẹni tó ti kọ "àìsí oúnjẹ" sílẹ̀.

Ní ti ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀marùn-ún yẹn, ilé iṣẹ́ Toyota ló ti wá. Àpẹẹrẹ Taiichi Ohno, onímọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, nìyí: ẹ̀rọ kan dúró nítorí pé fíúsì rẹ̀ jó; fíúsì jó nítorí pé bíárìn gbẹ, ó wá ń wúwo fún ẹ̀rọ; bíárìn gbẹ nítorí pé pọ́ǹpù òróró kò fà dáadáa; pọ́ǹpù kò fà nítorí pé ọ̀pá inú rẹ̀ ti jẹ; ó jẹ nítorí pé kò sí asẹ́ lẹ́nu rẹ̀, irin wẹ́wẹ́ wá ń wọ inú rẹ̀. Ẹ lè sọ pé "kò sí asẹ́" náà jẹ́ àìsí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìdáhùn yẹn ló jẹ́ ohun tí èèyàn lè tú ẹ̀rọ wò kó tó sọ. Ẹ̀yin jókòó sínú yàrá kan, ẹ dáhùn ìbéèrè márààrún láti inú orí yín, láìwọ abà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà márùn-ún kò ní agbára kankan. Okùn kan ṣoṣo ni ọ̀nà yẹn sì ń tọ̀, bẹ́ẹ̀ ìṣòro ìdàgbàsókè kì í sábà ní okùn kan.

Torí náà, ẹ tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìṣòro náà bí ipò tó wà: àgbàdo ta ni, níbo, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bàjẹ́, láàárín oṣù mélòó, láti ìgbà wo. Bí ẹ kò bá ní iye yẹn, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín. Ẹ fi káàdì ṣe igi náà, gbólóhùn kan sórí káàdì kan. Káàdì tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àìsí" tàbí "àìtó", ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́, kó sọ ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe tàbí tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn nítorí rẹ̀. Ẹ ka igi náà láti ìsàlẹ̀ sókè pẹ̀lú "nítorí náà" láàárín káàdì méjì. Ibi tí ẹnu yín bá ti kọ́, káàdì kan ti fò níbẹ̀.

Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí, òun sì ni mo máa ń rí pé wọ́n fò. Ẹ fi àmì sára ọfà kọ̀ọ̀kan tó so káàdì kan mọ́ èkejì: A fún èyí tí ẹ ní ìwọ̀n tàbí àkọsílẹ̀ fún, B fún èyí tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sọ, D fún èyí tí ẹ̀yin fúnra yín rò. Bí ẹ bá ṣe é láìṣojúsàájú, D ló máa pọ̀ jù. Ọfà D tó jẹ́ pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo iṣẹ́ yín á wó, òun ni ìbéèrè ìwádìí yín. Ìwádìí tó lọ ń jẹ́rìí sí ọfà A, owó ló ń fi ṣòfò.

Fún ọfà ìdálẹ́kọ̀ọ́ yín, ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ wá àwọn àgbẹ̀ tó ti gba ẹ̀kọ́ náà rí àti àwọn tí kò gbà á, ẹ wọn omi inú àgbàdo wọn nígbà tó ń wọ abà. Ẹ rí i dájú pé àgbègbè kan náà ni, ìkórè kan náà ni, ọjà kan náà sì ni wọ́n ń tà á sí. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá yàtọ̀, ẹ yọ ọfà náà kúrò. Bí ó bá yàtọ̀, ẹ má tíì yọ̀: ó lè jẹ́ àwọn tó lówó ni wọ́n pè sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá àwọn tí àgbàdo wọn kì í bàjẹ́ pẹ̀lú, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ bá ọkùnrin, obìnrin àti àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti pé, ẹni tó láṣẹ jù ló ń dáhùn.

Ìpele mélòó? Títí dé ibi tí ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá lè fọwọ́ kan nǹkan. Àjọ UNICEF lo ìpele mẹ́ta lórí àìjẹunre-kánú àwọn ọmọdé ní 1990: oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ àti àìsàn lókè, ipò oúnjẹ ilé, ìtọ́jú, àti ìlera àyíká lábẹ́ rẹ̀, ìṣèlú àti ọrọ̀ ajé nísàlẹ̀ pátápátá. Ìpele kẹta kò sí lọ́wọ́ iṣẹ́ ìwádìí ọdún méjì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ewu tó lè da iṣẹ́ yín rú, ẹ má kọ ọ́ bí àfojúsùn. Bí ẹ bá rí ìyípo, bí gbèsè tó ń mú kí àgbẹ̀ yára tà ní owó pọ́ọ́kú, tí owó pọ́ọ́kú sì ń dá a padà sínú gbèsè, ẹ ya ọfà tó yí padà, kódà bí kò bá jọ igi mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta igi ìṣòro tó ti wà nílẹ̀. Mo ti rí igi kan náà nínú àbá lórí omi mímu àti lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ìtì nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé n kò rí odindi àbá yín, torí náà ìlànà àwọn tó fẹ́ fowó sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé bí ó bá yàtọ̀ sí tèmi, kí onímọ̀ ìṣirò sì bá yín wo iye àgbẹ̀ tí ẹ máa wọ̀n.

Ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Eyín ni àwọn àgbẹ̀ fi ń gé àgbàdo láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, wọ́n sì ń kó o wọlé nígbà tí omi rẹ̀ ṣì ju ìdá 15 lọ." Èyí ṣeé yẹ̀ wò. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi, ẹ da ẹkúnwọ́ àgbàdo sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Iyọ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò ń sọ fún yín pé omi ṣì ju ìdá 15 lọ.