Oògùn àléjì tó ń mú yín tòògbé kọ́ ni yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín sinmi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apoògùn wa. Imú mi máa ń dí, ojú sì máa ń yún mi, Piriton ni mo ń lò sí i lálaalẹ́. Láti bí oṣù mélòó kan, ẹsẹ̀ mi kò jẹ́ kí n sùn. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀, á dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, àfi kí n dìde kí n máa rìn kiri. Ọ̀rẹ́ mi ní làkúrègbé ni, pé kí n máa lo oògùn náà ní méjì méjì kí n lè sùn fọnfọn. Mo ti ń lo méjì, kò lọ. Ṣé kí n sọ ọ́ di mẹ́ta?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di mẹ́ta. Ẹ rò pé oògùn náà ni kò tó. Èmi rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló ń dá kún wàhálà ẹsẹ̀ yín.

Ká kọ́kọ́ yọ làkúrègbé kúrò. Oríkèé ni làkúrègbé máa ń dùn, ìrìn kì í sì í sábà tù ú lójú ẹsẹ̀. Tiyín ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá sinmi, ó ń le lálẹ́, ó sì ń rọlẹ̀ bí ẹ bá ti ń rìn. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní restless legs syndrome ló jọ, ẹsẹ̀ àìsinmi ni mo máa ń pè é. Kì í ṣe ìròkurò. Thomas Willis, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1672, Karl-Axel Ekbom ará Sweden sì ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní 1945. Dókítà tó bá yẹ̀ yín wò ló lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ìmọ̀ràn "ẹ fi kún un" yìí, torí lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn gbà pé oògùn tó bá ti mú wọn tòògbé ti fún wọn ní ìsinmi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Histamine ni èròjà ara tó ń mú imú ṣomi, tó ń mú ojú yún. Ṣùgbọ́n nínú ọpọlọ, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe: ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ojú wa dá. Àwọn oògùn àléjì àtijọ́, bíi chlorpheniramine tó wà nínú Piriton, diphenhydramine, hydroxyzine àti promethazine, kì í dúró sí imú. Wọ́n ń bá ẹ̀jẹ̀ wọ inú ọpọlọ. Oorun tó ń kùn yín ni àmì pé oògùn ti dé ibi tí ẹ kò rán an. Ibẹ̀ náà ló ti lè mú kí ẹsẹ̀ àìsinmi burú sí i. Ti promethazine tilẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń dí dopamine lọ́wọ́, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń mira, tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí kò sì ṣeé yà kúrò lára rẹ̀.

Mo rántí ọkùnrin kan tó jókòó dè mí níwájú káńtà. Ojú rẹ̀ ń pa dé, orí rẹ̀ ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, síbẹ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀ kò yé gbá ilẹ̀. Oorun ń pè é, ẹsẹ̀ kò gbà. Nígbà tó kó oògùn rẹ̀ jáde, mẹ́ta ni: ti àléjì, ti ikọ́, àti èyí tó fi ń sùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní irú oògùn àléjì àtijọ́ yìí nínú.

Nítorí náà, ẹ yí páálí oògùn padà. Ẹ fi orúkọ gàdàgbà iwájú sílẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn ni kí ẹ kà, pàápàá lára oògùn ikọ́, ti ọ̀fìnkìn àti ti oorun.

Bí ó bá jẹ́ pé fúnra yín lẹ ra Piriton, ẹ lè dá a dúró. Bí dókítà ló kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Nínú àwọn oògùn àléjì tuntun tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀, loratadine àti fexofenadine kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ. Cetirizine ṣì máa ń mú àwọn kan tòògbé. Fún imú dídí, oògùn tí a ń fọ́n sí imú, bíi fluticasone, lè ṣiṣẹ́ níbi tí ìṣòro wà gan-an, ṣùgbọ́n ẹ máa lò ó lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ara ò dọ́gba: bí ẹsẹ̀ bá tún ń yọ yín lẹ́nu lórí èyí tuntun, ẹ padà wá sọ.

Ẹ ní kí dókítà yẹ ferritin yín wò, ìyẹn irin tí ara tọ́jú pamọ́. Bí kò bá ju 75 µg/L lọ, ó lè fún yín ní irin lò, bí ẹ̀jẹ̀ yín tilẹ̀ pé. Ẹ má lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, torí irin tó bá pọ̀ jù ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá lóyún tàbí kíndìnrín ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ fún un. Metoclopramide tí wọ́n ń lò fún èébì àti àwọn oògùn ìsoríkọ́ kan náà lè dá ẹsẹ̀ yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá èyí tí dókítà kọ dúró.

Bí ojú tàbí ọ̀fun bá wú lójijì, tí èémí ń há, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ìwé, títí kan èyí tí ẹ ń mu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú un dání lọ bá dókítà.