Èló ni kí n dà sínú kànga?

ÌBÉÈRÈ: Tánkà dísù kan ṣubú lẹ́bàá ilé wa ní Suleja, kànga wa sì ti ń rùn. Ọmọkùnrin kan ń ta kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní dispersant. Ó da dísù sínú ìgò omi níṣojú wa, ó kán kẹ́míkà náà sí i, ó mì í, epo pòórá. Èló ni kí n dà sínú kànga?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da nǹkan kan síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgò mímì yìí ti sú mi. Láti Kubwa dé Kaduna ni wọ́n ti ń bi mí.

Dispersant kì í mú epo kúrò nínú omi. Ńṣe ló ń fọ́ epo tó léfòó sí wẹ́wẹ́, kó lè wọnú omi lọ, kí ìgbì òkun tú u ká, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí sì jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òkun ni mo wí o. Omi oníyọ̀ ni wọ́n ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fún. Kànga kò ní ìgbì. Ibo ni epo yẹn fẹ́ tú ká sí, bí kò ṣe inú korobá yín?

Ẹ bi ọmọ yẹn bóyá ó mi ìgò kejì tí kò kán nǹkan sí. Dísù àti omi lásán, bí a bá mì wọ́n dáadáa, á funfun bí omi ògì fúngbà díẹ̀. Ṣé ó sì gbé ìgò náà kalẹ̀ kó tó ní kẹ́ ẹ wò ó? Ibẹ̀ gan-an ni àyẹ̀wò wà. Nínú èyí tí EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń lò, mílílítà 120 omi oníyọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n sínú ìgò tí ara rẹ̀ tẹ̀ wọnú, pẹ̀lú ẹ̀kán epo rọ̀bì díẹ̀. Dispersant jẹ́ ìdá kan sí ìdá 25 epo. Ẹ̀rọ ló ń mì í fún ìṣẹ́jú 10, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 mìíràn, kí epo tí kò fọ́ kúnná lè padà léfòó. Omi ìdí ìgò ni wọ́n á wá fà, wọ́n á fi kẹ́míkà olómi kan tó ń jẹ́ dichloromethane yọ epo inú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì ka bó ṣe dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ tó. Èyí tó ṣì wà nísàlẹ̀, nínú gbogbo èyí tí wọ́n dà sí i, ni máàkì kẹ́míkà náà. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Bí máàkì bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni epo inú omi ṣe pọ̀ tó!

Mi ò rí kànga yín, n kò sì lè sọ bó ṣe bàjẹ́ tó. Ẹ má mu omi náà, ẹ má fi se oúnjẹ. Sísè kò lè mú dísù kúrò. Ẹ má jẹ́ kí iná sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ fi tó NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí epo tó dà sílẹ̀, létí ní Abuja, kí láàbù tó níwèé àṣẹ sì wá bu omi náà sínú ìgò gíláàsì. Bí ẹ bá ti da kẹ́míkà yẹn sí i kẹ́ ẹ tó kọ̀wé, ẹ má fi pamọ́ fún wọn. Ẹ mú ike rẹ̀ dání.