Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọmọ lórí tàtámì, òbí lórí ìjókòó

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, fẹ́ lọ jà nínú ìdíje júdò ńlá kan ní Kútọ̀nù. Mo ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan rí. Ó gbé ẹnìkejì ṣubú, mo fò sókè, mo pariwo pé ó ti borí, àṣé wọ́n ṣì ń jà lọ. Ojú tì mí. Kí ló yẹ kí n máa wò? (Ìyá ọmọ, Wàndó, Àjàṣẹ́)*

Ìyá wa, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ kọ́kọ́ mọ pátákó máàkì kà kí ẹ tó máa wo ọmọ. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè ló ń wọ funfun, ẹnìkejì á wọ búlúù. Ti funfun ló wà lókè lórí pátákó. Ìṣẹ́jú 4 ni ìjà, ṣùgbọ́n aago máa ń dúró nígbàkigbà tí rẹfirí bá ké «matte» (ẹ dúró), nítorí náà ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹni tó mọ gídígbò nílé wa á ní bí ẹ̀yìn bá ti kanlẹ̀, ó parí. Júdò ń wo bí ẹ̀yìn ṣe kanlẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé ẹnìkejì ṣubú pẹ̀lú agbára àti ìyára, tí ẹ̀yìn onítọ̀hún nà sílẹ̀, tí kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ó fi balẹ̀, ippon nìyẹn: rẹfirí á na ọwọ́ kan sókè tààrà, ìjà tán. Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyẹn bá dín, waza-ari ni, ọwọ́ á nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n èjìká. Waza-ari méjì di ippon. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ara ló fi balẹ̀, yuko ni. Wọ́n ti yọ yuko kúrò ní 2017, wọ́n dá a padà ní 2025, ìdí nìyí tí àwọn tó wo júdò láyé ọjọ́sí àti àwọn tó wò ó lánàá kì í fi í sọ ohun kan náà. Yuko mẹ́wàá kò lè di waza-ari kan. Bí ẹnì kan bá sì fi ikùn tàbí orúnkún balẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá, bó ti wù kí ìró rẹ̀ pọ̀ tó. Ó jọ pé ohun tó mú yín fò sókè lásán nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n bá wà nílẹ̀, tí rẹfirí ké «osaekomi» (ó ti mú un mọ́lẹ̀), ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìṣẹ́jú àáyá 5 jẹ́ yuko, 10 jẹ́ waza-ari, 20 jẹ́ ippon. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì há ẹsẹ̀ ẹni tó wà lókè, wọ́n á ké «toketa» (ó ti tú), kíkà dúró. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ọmọ yín ló wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ojú rẹ̀. Ojú rẹ̀ á kàn dẹ́rù bà yín.

Káàdì yẹ́lò tó ń hàn lórí pátákó ni shido. Wọ́n ń fún ẹni tó kọ̀ tí kò kọlu ẹnìkejì, tó ń sá jáde kúrò lórí tàtámì (ẹní tí wọ́n ń jà lórí rẹ̀), tàbí tó fi ọwọ́ gbá ẹsẹ̀ ẹnìkejì mú. Kò fún ẹnìkejì ní máàkì, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta rẹ̀ ni pupa, ìjà bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Bí ìṣẹ́jú 4 bá pé tí wọ́n ṣì dọ́gba, wọ́n á wọ golden score. Ìyẹn kò ní àkókò: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ohunkóhun gbà ti borí, shido àtẹ̀yìnwá sì ń bá kálukú lọ.

Ohun kan tó kù: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá kóòṣì dupò. Òfin kò jẹ́ kí kóòṣì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ àfi nígbà tí rẹfirí bá ti dá ìjà dúró. Ọmọ tó ń wá ohùn kan ṣoṣo láàárín ariwo, ẹ má fi ohùn kejì kún un.

*Ẹ ǹlẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, wọn kílò 53 àti ààbọ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ 52. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Àbúrò mi ní kí n fi náílọ́ọ̀nù dì í lára, kó máa sáré lóòrùn. (Bàbá kan, Kétu)*

Rárá, bàbá. Omi ni òógùn, kì í ṣe ọ̀rá ara. Nígbà tí náílọ́ọ̀nù bá sì dí ara mọ́lẹ̀, òógùn kò lè gbẹ, ara kò lè tutù, ẹ̀jẹ̀ á ki, ọkàn á máa sáré. Ní ìparí ọdún 1997, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta tó ń ja ìjàkadì ní Amẹ́ríkà kú láàárín nǹkan bí oṣù kan nítorí irú ìlàágùn yìí, àgbà ni wọ́n o. Ọmọ ọdún 15 ṣì ń dàgbà.

Àwọn ìpele obìnrin lọ́jọ́ orí rẹ̀ ni 40, 44, 48, 52, 57, 63, 70 àti òkè 70. Ẹ lọ bá kóòṣì lónìí kó yí i sí abẹ́ 57 kí orúkọ tó tì pa. Lóòótọ́, á pàdé ẹni tó fi kílò mẹ́ta jù ú. Ó sàn kó pàdé rẹ̀ pẹ̀lú omi lára ju kó pàdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n.

Bó bá jẹ́ ìwọ̀nba gíráàmù díẹ̀ ló fi lé, ìyẹn yàtọ̀. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìwọ̀n, kó yàgò fún ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀bà tó ń pẹ́ nínú, kí iyọ̀ ọbẹ̀ sì dín. Kó jẹ ẹ̀kọ, ẹyin àti ẹja díẹ̀. Kó má dá omi dúró. Orí sìmẹ́ńtì tó tẹ́ ni kí ẹ gbé òṣùwọ̀n ilé lé, kì í ṣe orí ẹní, kó sì wọ̀n ara rẹ̀ láàárọ̀ lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹun. Òṣùwọ̀n ọjà máa ń purọ́. Ibi ìwọ̀n sábà máa ń ní òṣùwọ̀n ìdánwò. Ẹ tètè débẹ̀, kí ìwé ìdánimọ̀ ọmọ sì wà lọ́wọ́.

*Ṣé ọmọbìnrin mi lè jà pẹ̀lú híjáàbù? (Àlùfáà kan, Àjàṣẹ́)*

Ní Olympic London ọdún 2012, wọ́n gba Wojdan Shaherkani ti Saudi Arabia láàyè láti fi fìlà tó lẹ̀ mọ́ orí jà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn. Aṣọ tí wọ́n so tàbí tí wọ́n fi pín-ìn-nì há ni wọn kò ní gbà, torí pé ó lè fún ọrùn. Kí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí àjọ júdò kí ọjọ́ tó pé, kí ìdáhùn sì wà lórí ìwé. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé ẹnu tàtámì.

*Wọ́n dá kímónò ọmọ mi, aṣọ tó fi ń ja júdò, padà pé ó kéré, bẹ́ẹ̀ tuntun ni! (Ìyá oníṣòwò, Àjàṣẹ́)*

Torí pé tuntun ni. Òwú máa ń súnkì. Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Omi gbígbóná ló ń sọ ọ́ di ti àbúrò. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ na ọwọ́ síwájú: ọwọ́ aṣọ gbọ́dọ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ṣòkòtò kò gbọdọ̀ fi ju sẹ̀ntímítà 5 lọ sókè kókósẹ̀. Aṣọ òkè gbọ́dọ̀ bo ìdí, kó sì kọjá ara rẹ̀ ní àyà ní sẹ̀ntímítà 20, kí etí bẹ́líìtì yọ ní 20 sí 30. Obìnrin á wọ tí-ṣáàtì funfun ọlọ́wọ́ kúkúrú sábẹ́. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ lórí irun, kò sí irin kankan, kí èékánná sì kúrú. Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò fún làpálàpá ní bí oṣù kan ṣáájú, torí pé tàtámì ń ràn án, dókítà ìdíje sì lè dá ọmọ dúró.

*Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí i tí wọ́n fún ọmọ-ọmọ mi lọ́rùn. Ṣé kò ní kú? (Ìyá àgbà, Ṣábẹ̀)*

Ìyá àgbà, ẹ fara balẹ̀. Wọn kò gba fífún ọrùn láàyè fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ọ̀pọ̀ ìdíje. Fún àwọn tó dàgbà díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn bá fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tàbí ara ẹnìkejì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni rẹfirí á tú wọn. Ewu wà fún ọmọ tí ìtìjú kò jẹ́ kó lù. Ẹ sọ fún un nílé pé ẹ kò ní bínú bó bá lù.

Orí ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù. Bó bá fi orí gbalẹ̀, tó ń bì, tàbí tí kò rántí ẹni tó bá a jà, kò gbọdọ̀ padà sórí tàtámì lọ́jọ́ náà, kódà bó ní ara òun ti yá. Bí egungun èjìká bá ń dùn ún, ẹ fi gèlè so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

*Ọmọ wa pàdánù nígbà tó ku ẹni mẹ́jọ. A bọ́ ọ láṣọ, a gbé ìrẹsì fún un. Ni wọ́n bá tún ń pe orúkọ rẹ̀! (Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kétu)*

Repechage nìyẹn. Nínú ètò àjọ àgbáyé, àwọn mẹ́rin tó bá pàdánù nígbà tó ku ẹni mẹ́jọ ṣì lè dé ibi idẹ, idẹ méjì ló sì wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pe orúkọ. Bí kò bá yọjú, ẹnìkejì ti borí. Nítorí náà, kímónò kò gbọdọ̀ kúrò lára, kó wọ ẹ̀wù sórí rẹ̀ kí ara má bàa tutù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí dàbínù mẹ́ta, mẹ́rin, ẹnu omi méjì ní gbogbo ìṣẹ́jú 15, ó tó. Ìrẹsì yẹn, ẹ dé e mọ́ inú kúlà títí wọ́n fi máa pín àmì-ẹ̀yẹ.