Ọmọ mi ń dúró wo èèrà lójú ọ̀nà, mo sì ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ o. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi lọ sókè. Dókítà ní yàtọ̀ sí oògùn, kí n máa yà sínú páàkì, kí n dúró, kí n wo igi, kí n gbọ́ ohùn ẹyẹ. Páàkì ò wọ́n wa ní Leeds níbí, àyè ni kò sí. Èyí tó ń dùn mí ni pé Tòmíwá, ọmọ ọdún 4, ló mọ̀ ọ́n ṣe nínú ilé wa: èèrà, ewé, omi òjò tó dágún, kò sí èyí tí kì í lóṣòó wò. Ojoojúmọ́ ni mò ń fà á lọ́wọ́ dé iléèwé. Ṣé òótọ́ ni pé irú wíwò báyìí ń mú ọkàn fúyẹ́, àbí ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í jí lọ síbi iṣẹ́ ni?
Ìyá Tòmíwá

Ìyá Tòmíwá, ẹ kú iṣẹ́ o. Fífà tí ẹ ní ẹ̀ ń fà á lọ́wọ́ yẹn ló jẹ́ kí n dáhùn. Òótọ́ ni dókítà yín sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọwọ́ náà.

Abbey Wood là ń gbé, ní London. Ọmọbìnrin mi ò tíì pé ọdún 4 nígbà náà. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó; bí mo bá dé láàárọ̀, n óò mú un lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi kí n tó lọ síbi iṣẹ́ kejì. Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ yẹn. Ìpẹ̀rẹ̀ kan ń gun ògiri bíríkì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ náà lóṣòó tì í, ó ka ìwo rẹ̀: mẹ́rin. Méjì gùn, ojú wà ní ṣóńṣó wọn. Méjì kúrú, wọ́n ń tọ́ ògiri wò bí ẹni ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ó fìka kan ọ̀kan, ìwo náà wọlé lọ, ó tún yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, kí lorúkọ rẹ̀?"

Èmi tí mo ti ṣa ìpẹ̀rẹ̀ kún garawa rí lóko bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mi ò dá a lóhùn. Bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀. Mo fi ọwọ́ òsì rẹ̀ fà á dìde fìrì. Ó ké, ọwọ́ náà sì rọ̀ jọwọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè gbé e mọ́.

Egungun ìgbọ̀nwọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lè yẹ̀ bí a bá fa ọwọ́ wọn lójijì. Nílé ìwòsàn, dókítà yí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi sókè, ó ká ìgbọ̀nwọ́ náà, ó dún kẹ́. Kò pẹ́ tó fi ń fi ọwọ́ náà mú bisikíìtì. Èyí tí kò tíì san lára mi ni ti nọ́ọ̀sì tó béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo ní ó ṣubú ni. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń bẹ̀rù ní ìlú yìí, kí wọ́n má wá gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni. Orí itan mi lọmọ náà wà. Ó gbójú sókè wò mí, kò sọ̀rọ̀. Títí dòní kò sọ ọ́ rí, èmi náà ò sì tíì láyà láti bi í bóyá ó rántí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìkà ni mí. Owó ilé, owó ìwé ìgbélùú, owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé, ta ni ì bá bá mi san án? Ìyá tèmi náà ò bá mi dúró wo ìpẹ̀rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan fún un. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ ará ilé, ẹnìkan á ṣáà wà níbẹ̀ tí yóò pe orúkọ rẹ̀ fún mi. Ọmọ tèmi, èmi nìkan ló ní.

Ìbéèrè yín wá ńkọ́? Ìwádìí kan jáde ní 2019 lórí nǹkan bí 20,000 ènìyàn ní England: àwọn tó ń lo ìṣẹ́jú 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ láàárín igi àti koríko, ìbáà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìbáà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ni ara wọn sábà máa ń le, tí ọkàn wọn sì ń balẹ̀ ju ti àwọn tí kì í jáde. Èmi ò mọ̀ nípa ìwádìí kankan nígbà tí oorun kọ̀ mí, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà sínú igbó Lesnes lẹ́yìn iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahoro ilé àwọn àlùfáà tí wọ́n kọ́ ní 1178. Ìparí oṣù kẹrin ni, òdòdó búlúù tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ igi. Ẹyẹ dúdú kan tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ọsàn ń kọrin. Mo jókòó gbọ́ ọ títí, kí n tó mọ̀, èjìká mi tí mo ti gbé sétí láti alẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀. Gbèsè mi ò kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo délé, mo sùn.

Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 10 ṣáájú kúrò nílé. Bí Tòmíwá bá lóṣòó, kí ẹ̀yin náà lóṣòó, kí ẹ pe orúkọ nǹkan náà fún un. Tí àkókò bá tó, ẹ ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀ méjèèjì, ẹ gbé e. Ẹ má fà á lọ́wọ́ mọ́. Ti oṣù Kejìlá, tí ilẹ̀ ń ṣú kí aago 4 tó lù, mi ò mọ bí n óò ṣe gbà yín níyànjú. Èmi gan-an kì í jáde.

Ọmọ náà ti pé ọdún 14 báyìí. Kì í pẹ́, kì í dúró níbì kankan. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń yìn ín fún un, àyà mi sì ń já. Ní Sátidé tó kọjá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo rí ìpẹ̀rẹ̀ lára ògiri kan náà, mo pè é: "Wá wò ó, ìpẹ̀rẹ̀ ló ń jẹ́." Kò dúró. Ó ní, "Mọ́mì, a máa pẹ́."

Ilé là ń lọ.